Ọ̀gá Mo-Ti-Gbọ́

Kò sí òde ìnáwó kan ní Ìkàrẹ́-Àkókó tí Ọ̀gá Mo-Ti-Gbọ́ kì í dé. Ìsìnkú àgbà ni o, ìgbéyàwó ni o, ìwúyè ni o, ẹ ó bá a níbẹ̀ nínú agbádá tó ti jẹ sítáàṣì yó, fóònù méjì lọ́wọ́ òsì, ìdì káàdì lọ́wọ́ ọ̀tún. Iṣẹ́ wo ló ń ṣe gan-an? Kọngílá ni lọ́jọ́ Ajé, oníṣòwò irè oko ni lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, olùdámọ̀ràn ni títí ọ̀sẹ̀ á fi parí. "Èèyàn laṣọ mi" kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé aṣọ lèèyàn lóòótọ́, tirẹ̀ kì í pẹ́ gbó.

"Ilé ńkọ́? Ọmọ ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́?" Lẹ́ẹ̀kan náà ló máa bi yín ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ojú rẹ̀ á sì ti kọjá èjìká yín lọ sí ibi tí alága káńsù ti ń wọlé. Ẹ ní, "A dúpẹ́, àmọ́ àbígbẹ̀yìn mi yẹn..." Ó ní, "Mo ti gbọ́! Ọlọ́run á wò ó sàn." Bẹ́ẹ̀, ohun tí ẹ fẹ́ sọ ni pé ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Yunifásítì Adekunle Ajasin ní Àkùngbá.

Ìwé Dale Carnegie tó jáde ní 1936, How to Win Friends and Influence People, wà lórí tábìlì ọ́fíìsì rẹ̀. Ó kà á. Ibi tí ìwé náà ti ní kéèyàn máa pe ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ lórúkọ ló gbá mú, ló bá ń pe ìyá tó lè bí i lọ́mọ ní orúkọ àbísọ níwájú àwọn ọmọ ọmọ wọn. Inú ìwé kan náà ni Carnegie ti ní kéèyàn jẹ́ ẹni tó mọ̀rọ̀ gbọ́, kó sì jẹ́ kí ẹlòmíràn sọ tẹnu rẹ̀. Ó jọ pé ojú ewé yẹn lẹ̀ mọ́ra nínú ti ọ̀gá wa.

Ká má purọ́ mọ́ ọn, òun nìkan kọ́. Ní 1984, Howard Beckman àti Richard Frankel tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí bí àwọn dókítà ṣe ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu aláìsàn. Tí wọ́n bá pín in dọ́gba, ìṣẹ́jú-àáyá 18 péré ni aláìsàn fi máa ń ṣàlàyé kí dókítà tó já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn dókítà yẹn ní sùúrù. Ọ̀gá Mo-Ti-Gbọ́ kì í dé mẹ́wàá.

Ẹ jẹ́ ká bá a dé Ìkáràm, níbi tó ti lọ ra isu. Ó ti pẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ Ẹ̀bìrà ti ń dáko ní ilẹ̀ Àkókó, ọ̀kan lára wọn ló sì lọ bá. Ilẹ̀ tí èdè pọ̀ sí ni Àkókó: Akpes ni wọ́n ń sọ ní Ìkáràm, àwọn ará Àrìgìdì ní tiwọn, Ẹ̀bìrà sì ni èdè bàbá àgbẹ̀ yìí. Yorùbá ni gbogbo wọn fi ń ná ọjà. Nítorí náà, bí bàbá náà bá dákẹ́ díẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ Yorùbá tó yẹ ló ń wá.

"Bàbá, ṣé isu wà?"

"Isu wà dáadáa. Àmọ́..." Bàbá dákẹ́, wọ́n ń wá ọ̀rọ̀.

"Mo ti gbọ́! Ọkọ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì." Ó na káàdì sí wọn, ó ya fọ́tò pẹ̀lú ebè, ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá oníṣu kan wá láti Ìkàrẹ́. Wọ́n jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Bàbá tún ní, "Isu wà dáadáa. Àmọ́..." Ìyá ò sọ nǹkan kan. Ìgbà tó ṣe díẹ̀, wọ́n ní, "Àmọ́ kí ni, Bàbá?"

"Àgbàrá ti gbé afárá lọ."

"Ṣé ọ̀kadà lè kọjá? Ta ló ń fi tiẹ̀ kó ẹrù níbí?"

Kó tó di alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọ̀kadà ti kó isu náà tán dé títì. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọkọ̀ ọ̀gá wa rì sínú ẹrẹ̀ létí odò, ibẹ̀ ni dírẹ́bà sùn.

Karen Huang àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Harvard ṣe ìwádìí lórí irú nǹkan báyìí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2017. Wọ́n rí i pé àwọn èèyàn máa ń fẹ́ràn ẹni tó ń bi wọ́n ní ìbéèrè, pàápàá ìbéèrè tó tinú ìdáhùn wọn jáde. "Àmọ́ kí ni?" ti ìyá oníṣu, ọ̀kan nìyẹn. "Ilé ńkọ́, ọmọ ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́" tí kò dúró gba èsì kò sí lára wọn.

Ní báyìí, Ọ̀gá Mo-Ti-Gbọ́ fẹ́ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ọ̀kà. Ó ti lẹ ìwé rẹ̀ káàkiri: "Bí A Ṣe Ń Fetí Sílẹ̀ Fún Oníbàárà." Wákàtí mẹ́ta lòun nìkan máa fi sọ̀rọ̀. Àyè ìbéèrè jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún, bí àkókò bá wà.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ bá a dòwò pọ̀, ẹ tètè sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà nínú gbólóhùn àkọ́kọ́. Ohunkóhun tí ẹ bá fi sẹ́yìn "àmọ́", ọwọ́ yín ló máa kú sí.