Bàbá Ìjọ, Ọmọ Ẹni Tí Ó Gbé Ìgbàgbọ́ Wọ̀lú

Nínú àwọn ìlú kéékèèké ilẹ̀ Èkìtì, níbi tí agogo ilé Ọlọ́run ti ń dún dé etí oko, tí a sì ń mọ ẹni tí kò wá sí ìsìn kí a tó mọ ẹni tí ó wá, ẹnì kan wà tí àlejò kò lè ṣàìbá pàdé, ìbáà ṣe ìkórè ni ó bá wá, ìbáà ṣe òkú ni ó wá sin, ìbáà sì ṣe pé ọkọ̀ rẹ̀ ni ó kọṣẹ́ lójú ọ̀nà tí ó fi yà sábẹ́ igi odán láti tọrọ omi. Bàbá Ìjọ ni a ń pè é. Ó ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ó ní èyí tí wọ́n fi ṣe ìsàmì fún un, ìyá rẹ̀ sì fún un ní oríkì. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí bíṣọ́ọ̀bù ti fi í joyè lójú gbogbo ìjọ, àwọn agbowó-orí nìkan ni wọ́n ṣì rántí orúkọ wọ̀nyẹn.

Ẹ wò ó ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi. Agogo kìíní dún, kò mira. Agogo kejì dún, ó ṣì ń mu ẹ̀kọ, nítorí pé àwọn tí kò ní oyè ni agogo wà fún. Ìgbà tí àwọn akọrin bá ti wọlé tán, tí àlùfáà ti dé àyè rẹ̀, tí gbogbo ìjọ ti kúnlẹ̀ láti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wọn, tí ilé sì pa rọ́rọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń gbọ́ ẹsẹ̀ aláǹgbá lórí páànù, ìgbà náà gan-an ni bàtà rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ké láti ẹnu ilẹ̀kùn títí dé iwájú. Sányán, baba aṣọ, ni ó wọ̀. Fìlà rẹ̀, tí ó yẹ kí ó ti ṣí láti ìta, kò ní kúrò lórí títí yóò fi dé ìdí àga rẹ̀, kí àwọn tí wọ́n dijú gbàdúrà lè ráyè lajú wo bí ó ti gẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin tí ń ṣọ́ ẹnu ilẹ̀kùn, tí ó ti lé àwọn ọmọdé tí wọ́n pẹ́ dé padà sí ìta, ni yóò sáré ṣáájú rẹ̀ lọ ṣí àga náà fún un. A kọ orúkọ oyè rẹ̀ sára àga ọ̀hún lórí idẹ pẹlẹbẹ, ọsàn wẹ́wẹ́ ni wọ́n sì fi ń dán idẹ náà ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta. Àlejò tí ó bá ṣèèṣì jókòó síbẹ̀ kò ní gbọ́ èébú o; ìtàn ni yóò gbọ́.

Ìtàn náà ni gbogbo oyè rẹ̀ dúró lé lórí. Ní ọdún 1893, gẹ́gẹ́ bí Bàbá Ìjọ ti ń sọ ọ́, nígbà tí wọ́n tú àgọ́ ogun Kírìjì ká, tí ọ̀nà sì là, ni bàbá bàbá rẹ̀, tí ó ti rin ìrìn àjò lọ sí Ìbàdàn, tí ó sì ti gbé lọ́dọ̀ ọkùnrin ọlọ́lá kan níbẹ̀ fún ọdún pípẹ́, padà wá sí ìlú pẹ̀lú Bíbélì ní abíyá. Ọba dìde lórí ìtẹ́ kí i. Àwọn abọrẹ̀ wo ojú rẹ̀, wọ́n sì ká ẹní wọn. Láti ọjọ́ náà ni ìmọ́lẹ̀ ti dé.

Bí ó ti ń sọ ọ́ nìyí nígbà tí ó ṣì jẹ́ akọ̀wé ìjọ lásán. Ọdún tí wọ́n fi í ṣe Ọ̀tún Bàbá Ìjọ ni agbòòrùn wọ inú ìtàn. Ọdún tí ó di Bàbá Ìjọ gan-an ni ìwé ọwọ́ gómìnà wọ̀ ọ́. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ kan sì ra ọkọ̀ fún un, bàbá bàbá rẹ̀ tí ó ti ń fẹsẹ̀ rìn láti ìgbà yìí wá bẹ̀rẹ̀ sí í gẹṣin. Ìyàwó rẹ̀, tí ó ti gbọ́ ìtàn náà láti ìgbà ọmọge, a máa bi í níbi tí ó ti ń bó ẹ̀gẹ́ pé, “Bàbá wọn, ẹṣin ni ẹ wá fi ṣe báyìí?” Òun a sì dá a lóhùn láìwo ẹ̀yìn pé ìtàn kì í tán lẹ́nu onítàn, àti pé ẹṣin náà ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn ènìyàn ni kò bi òun léèrè.

Ẹ̀rí kò wọ́n ọn. Bíbélì náà ń bẹ nínú àpótí onígíláàsì ní pálọ̀ rẹ̀, a sì lè fi ojú kàn án bí a bá mú obì wá. Olùkọ́ ọ̀dọ́ kan tí ìjọba gbé wá sí ìlú ni ó ṣí ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀ nígbà kan tí onílé wọ yàrá lọ, tí ó rí i pé ọdún tí wọ́n tẹ ìwé ọ̀hún gbẹ̀yìn 1893 lọ gbọọrọ. Nígbà tí olùkọ́ náà tún padà wá, wọ́n ti fi àtè lẹ ojú ewé náà mọ́ èyí tí ó tẹ̀lé e, Bàbá Ìjọ sì ṣàlàyé fún un pé ìwé mímọ́ tí ó bá ti dàgbà a máa di ara rẹ̀ pọ̀.

Mo máa ń ronú kan Àlùfáà Samuel Johnson bí mo bá ń gbọ́ ìtàn yìí. Òun àti Charles Phillips ni wọ́n jọ ń gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà lọ gbé e bọ̀ láàárín àgọ́ ogun Ìbàdàn àti ti Èkìtì ní Kírìjì títí tí wọ́n fi tọwọ́ bọ̀wé ní 1886. Ojú rẹ̀ ni ó fi rí ohun tí ó rí. Ó jókòó kọ ìtàn ilẹ̀ Yorùbá, ó parí rẹ̀ ní 1897, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún títẹ̀, ìwé náà sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901 láìrí i mọ́. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó ṣa àkọsílẹ̀ tí ó kù jọ tí ó tún un kọ, ìwé náà kò sì jáde títí di 1921. Ẹ wá wo bí ayé ti rí: ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ ni tirẹ̀ sọnù, ṣùgbọ́n Bàbá Ìjọ, tí kò kọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú ìtàn tirẹ̀ sílẹ̀ rí, kò tíì pàdánù ìkankan, kàkà kí ó dín, ńṣe ni ó ń lé sí i.

Bí ó ti ń tún ti àwọn òkú ilé rẹ̀ ṣe ni ó ń tún ti àwọn òkú ìlú ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ ni ìwé gbèsè ìjọ wà, ìwé gígùn aláwọ̀ pupa tí a kọ owó ọdọọdún oníkálùkù sí, a kì í sì í lu agogo fún òkú tí ó bá jẹ ìjọ ní gbèsè. Àwọn ọmọ olóògbé yóò ti Èkó dé pẹ̀lú àpótí olówó ńlá àti ẹgbẹ́ onílù, wọn yóò sì bá Bàbá Ìjọ nínú ọ́fíìsì pẹ̀lú awò lójú, tí ó ń fi ìka tẹ̀lé ìlà láti ọdún tí bàbá wọn ti dáwọ́ ìsìn dúró. Bí wọ́n bá ti san án tán, òun kan náà ni yóò ka ìtàn ìgbé ayé olóògbé. Ọ̀mùtí paraku di ẹni tí ó fẹ́ràn àwùjọ. Aríjàgbá tí kò sí ẹni tí kò bá dé àgọ́ ọlọ́pàá rí di ẹni tí kì í fi òtítọ́ bò. Ní ti ẹni tí kò tẹ ilé Ọlọ́run láti ọjọ́ tí ó ti gbéyàwó, Bàbá Ìjọ yóò tẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, yóò sì wí pé olóògbé jẹ́ ẹni tí ó ń sin Ọlọ́run ní ìkọ̀kọ̀.

Ẹ má jẹ́ kí n gbàgbé àdúrà rẹ̀. Bí àlùfáà bá ṣe àṣìṣe pé kí Bàbá gba àdúrà ìparí, kí ẹni tí ó gbé ẹ̀wà kaná nílé rọra yọ́ jáde. “Olúwa, Ìwọ mọ ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Kì í ṣe àkọ́bí o, Olúwa, èyí tí ó tẹ̀lé e, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe olórí àwọn dókítà ní ilé ìwòsàn ńlá ọjọ́sí. Olúwa, Ìwọ tí O rí i nígbà tí ó ra ilé kejì, máa bá a gbé nínú méjèèjì.” Ìjọ a ní àmín. Láti Lọ́ńdọ̀nù ni àdúrà yóò ti gba Èkó kọjá, tí yóò sì padà dé ẹ̀yìnkùlé: “Dárí ji ẹni tí ó ti ọ̀pá ààlà wọ inú kòkó mi lọ́nà odò. N kò ní dárúkọ rẹ̀, Olúwa. Ìwọ mọ̀ ọ́n, ilé rẹ̀ ni ó kángun sí ọjà, òun ni ó sì wọ aṣọ aláwọ̀ ewé lónìí yìí.” Gbogbo orí yóò sì yí sí ibi tí aṣọ aláwọ̀ ewé wà.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìkórè ni ọjọ́ rẹ̀. A ti to iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àkùkọ síwájú pẹpẹ, a sì ń lù wọ́n ní gbàǹjo. Kí gbàǹjo tó bẹ̀rẹ̀ ni onílù yóò ti bọ́ síwájú, tí yóò sì dojú ìlù kọ àga onídẹ: ọmọ a-gbé-Bíbélì-gòkè kí òkè ó tó lójú, ọmọ a-fi-agogo-jí-oníṣu, ọmọ ẹni tí ó mú ìmọ́lẹ̀ wá tí kò gba owó epo lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bàbá Ìjọ yóò dìde, yóò so ìtàn bàbá bàbá rẹ̀ mọ́ àkùkọ kan, yóò sì ké iye tí ènìyàn lè fi ra àgbò lé àkùkọ náà lórí. Ilé yóò hó gèè. Yóò rà á, yóò fi í tọrẹ padà, wọn yóò tún un lù ní gbàǹjo, yóò sì tún un rà. Ìlérí ni gbogbo rẹ̀, akọ̀wé yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ni yóò san án. Àwọn tí wọ́n mọ̀ pé ẹṣin ìtàn náà kò ní ìrù wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n òrùlé ilé Ọlọ́run ń jò. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó ọwọ́ ni wọ́n ń ra èké.

Kí n má baà jẹ gbèsè òtítọ́, ọkùnrin yìí kì í ṣe ènìyàn burúkú. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́: òun ni ó mọ ibi tí ẹbí méjì ti bára tan tí kò fi yẹ kí ọmọ wọn fẹ́ra, òun ni ó sì ń jókòó ti aláìsàn mọ́jú nígbà tí àwọn ọmọ onílé ṣì wà lójú ọ̀nà. Bí ó bá jẹ́ òpùrọ́ lásán ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ìbá ti tán lẹ́nu wa. Ohun tí ó mú kí ó pẹ́ níbẹ̀ ni pé kì í ṣe òun nìkan ni ó ń sọ ìtàn náà. Ilé márùn-ún ni ó wà nínú ìlú yẹn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń sọ pé baba ńlá àwọn ni Onígbàgbọ́ àkọ́kọ́, gbogbo wọn ni baba wọn sì rin ìrìn àjò lọ sí Ìbàdàn.

Kí ni ìrìn àjò ọ̀hún? Kí ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ti ń kó ènìyàn ní ilẹ̀ Èkìtì, ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé, tí wọ́n so mọ́ra wọn lókùn gba inú igbó lọ. Òmíràn di aroko, òmíràn di jagunjagun olówó rẹ̀, a ta òmíràn dé Abẹ́òkúta tàbí Èkó. Níbẹ̀ ni àwọn kan nínú wọn ti bá ilé Ọlọ́run pàdé. Ní Ìbàdàn, fún àpẹẹrẹ, Kúdẹtì wà, níbi tí òyìnbó ajíhìnrere David Hinderer tẹ̀dó sí ní 1853, tí ó sì jẹ́ pé Daniel Olúbí, ọmọ ilẹ̀ yìí, ni ó di ìjọ mú nígbà tí òyìnbó náà lọ ní 1869. Nígbà tí ogun tú, tí ọ̀nà là, àwọn tí orí kó yọ nínú wọn wá ọ̀nà ilé. Wọ́n padà dé ìlú tí ẹlòmíràn ti ń gbé ilé wọn, wọ́n ń kọrin tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí, wọ́n sì ń péjọ gbàdúrà kí àlùfáà kankan tó fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀. Ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn.

Ẹni kan náà ni Onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ àti ẹrú tí ó padà wálé. Ilé márààrún ń du Onígbàgbọ́. Kò sí èyí tí ó fẹ́ ẹrú. Èèwọ̀ ọ̀rọ̀ ni láàárín wa, èébú tí a fi ń dá ìgbéyàwó dúró ni, tí a sì fi ń gba oyè lọ́wọ́ ẹni. A kì í sì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Nítorí náà ni a ṣe fi agbòòrùn bo okùn mọ́lẹ̀, tí a fi gbé ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ lásán rìn gun ẹṣin, tí olówó ẹrú fi di ọkùnrin ọlọ́lá tí ó gba àlejò. Bẹ́ẹ̀ Bàbá Ìjọ ni ó ń ka ẹ̀kọ́ Àjíǹde lọ́dọọdún, èyí tí ó sọ bí Ọlọ́run ti mú àwọn ẹrú jáde ní Íjíbítì. Ohùn rẹ̀ a sì dún gbọ̀ngbọ̀n dé ìta, kò sì fìgbà kan fura pé oríkì ilé òun gan-an ni òun ń kà. Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì kò sọ pé baba àwọn lọ ṣe àlejò lọ́dọ̀ Fáráò. Wọ́n ní ẹrú ni àwọn, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì fi ṣe ọdún. Bí a ti bí ẹrú ni a bí ọmọ. Ẹni tí a fi okùn mú lọ tí ó sì fi orin padà wá tó ẹni tí à ń fi ìlù kì, láìsí ẹṣin.

Ìkórè tún ti ń bọ̀. Mo gbọ́ pé lọ́dún yìí Charles Phillips fúnra rẹ̀ ti wọ inú ìtàn, àti pé èjìká bàbá bàbá Bàbá Ìjọ ni ó gbọ́wọ́ lé nígbà tí wọ́n ń la odò kọjá. N óò wà níbẹ̀, n óò ṣe àmín dáadáa, n óò sì fi owó díẹ̀ lé àkùkọ náà; nítorí pé ilé tiwa jẹ́ ọ̀kan nínú márààrún, ìrìn àjò ni wọ́n sì ní bàbá bàbá tèmi náà lọ sí Ìbàdàn.