Ṣájà Kò Mọ Ẹ̀sọ̀

Ní Dàda Estate nílùú Òṣogbo, kò ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn kó owó oṣù mélòó kan jọ ra fóònù, kí ó ra gíláàsì tí yóò dáàbò bo ojú rẹ̀ àti àpò aláwọ tí yóò gbé e wọ̀, ṣùgbọ́n bí ṣájà, tí í ṣe ọ̀nà ọ̀fun fóònù, bá bàjẹ́, ọwọ́ ọmọ tó ń kiri láàárín ọkọ̀ ní oríta Ọlá-Ìyá ni yóò ti ra òmíràn, yóò sì tún ná an títí ọmọ náà yóò fi bínú.

Bí iná bá dé, ariwo "Ọ́ọ̀pù NEPA!" á gba àdúgbò kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé NEPA, àjọ iná mànàmáná, ti di ohun ìtàn láti ọdún 2005, gbogbo fóònù ilé, páwábáǹkì àti ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga á sì jọ rọ́ mọ́ iná lẹ́ẹ̀kan náà. Òṣogbo yìí kan náà ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná mànàmáná gbogbo Nàìjíríà wà, níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru kí iná tó ń wọlé àti èyí tí ará ìlú ń lò lè ṣe déédéé, nítorí bí wọn kò bá ṣe déédéé, gbogbo rẹ̀ á dàwó, bó ṣe dàwó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní oṣù kẹwàá ọdún 2024.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le. Lójú ará Dàda Estate, àìsí ṣájà ayára-bí-àṣá ló jẹ́ kí àwọn àgbà ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n bátìrì òde òní, tí a fi lítíọ́mù ṣe, tí Sony kọ́kọ́ gbé wá sọ́jà lọ́dún 1991, kì í gba iná gbàgà: bó bá ti ń sún mọ́ ibi tí yóò ti kún, fóònù fúnra rẹ̀ á dín iná tó ń wọlé kù. Ooru ni ọ̀tá rẹ̀. Níbi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò bá sì ti lágbára, fóònù á máa fipá ké sí òpó tó jìnnà, á máa gbóná. Ìgbà yìí gan-an ni ọ̀gbẹ́ni wa ará Dàda Estate yóò ki fóònù rẹ̀ bọ iná, tí yóò fi pe ọmọ rẹ̀ ní Kánádà lórí fídíò fún wákàtí kan gbáko, tí yóò wá tẹ́ ẹ sábẹ́ ìrọ̀rí pẹ̀lú wáyà lẹ́nu, bí ẹni pé òtútù ń mú un. Nígbà tí bátìrì bá wú tí ẹ̀yìn fóònù sì là, á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun.

Bátìrì tó bá ti wú kò ṣe é tẹ̀ padà, kò sì ṣe é gún lábẹ́rẹ́, nítorí ó lè gbiná. Kí ẹni tó bá ní irú rẹ̀ nílé yọ ọ́ kúrò lórí iná, kí ó sì pààrọ̀ rẹ̀ lónìí.