Bùọ̀dá Alámàlà Ń Lọ Òkè Òkun

Ẹ ẹ̀ tíì gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà wa? Ẹ fa àpótí yín súnmọ́ mi jàre. Ẹ ṣáà mọ Bùọ̀dá Alámàlà, àwọn tó ń fi bẹ́líìtì méjì de ṣòkòtò kan? Wọ́n láwọn ń lọ ṣí búkà ní Lọ́ńdọ̀nù. Kì í ṣe ti gba-inú-aṣálẹ̀ o! Físà oníṣòwò gidi ni, èyí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Innovator Founder.

Ìsọ̀ onígbàjámọ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Ẹnì kan ló sọ fún wọn níbẹ̀ pé láti oṣù kẹrin ọdún 2023 ni òyìnbó ti mú òfin £50,000 kúrò, pé kò sí iye kan pàtó tí èèyàn gbọ́dọ̀ gbé dání mọ́. Ẹ rántí Bàbá Onílé? Nígbà tiwọn, £200,000 ni òyìnbó ń bèèrè fún físà oníṣòwò àtijọ́, Tier 1. Ṣé ẹ mọ̀ pé Bàbá fẹ́ torí ẹ̀ ta ilé yìí, ilé tórí gbogbo wa wà lábẹ́ rẹ̀? Wọ́n ti ń mú àwọn tó fẹ́ rà á wá wò ó, àfi láàárọ̀ ọjọ́ kan tí Màmá Onílé gbé àga sẹ́nu géètì, ọmọ odó lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ parí. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wá ti ilẹ̀kùn físà ọ̀hún lóṣù kẹta ọdún 2019, Màmá ní àdúrà òun ló gbà.

Níbo la bá ọ̀rọ̀ dé? Ẹ̀n-ẹ́n, Bùọ̀dá. Wọ́n ti ra táì, àfi ìgbà tí ọmọ Ìyá Ìbejì tó wà ní yunifásítì ka òfin náà sétí wọn. Ó ní òwò náà gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, kó yàtọ̀ sí gbogbo ohun tó wà lọ́jà, kó sì ṣeé sọ di ńlá. Àwọn tí ìjọba yàn láti yẹ̀ ẹ́ wò á kọ́kọ́ gba £1,000. £1,270 míì á tún sùn sí báńkì fún ọjọ́ 28 gbáko. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ìgbà wo ni owó sun ọjọ́ méjì rí lọ́dọ̀ Bùọ̀dá?

Àmàlà tuntun wá dà, ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, tí búkà wa pọ̀ sí? Ni gbogbo ọgbà bá dá sí i. Ìyá Ìbejì ní kí wọ́n ro àmàlà tí kì í tutù. Télọ̀ ní kó jẹ́ aláwọ̀ ewé. Èmi, ẹ sì mọ̀ mí, mo ní kí wọ́n ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa fi ohùn Ìbàdàn bi oníbàárà bóyá gbẹ̀gìrì ni àbí ewédú. Ṣé ẹ mọ̀ pé Bùọ̀dá ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀?

Ibi tó ti wá dùn nìyí. Ìyá Alákàrà wa, ọmọ Atakpamé ni wọ́n, ní Tógò. Amẹ́ríkà náà ní físà tirẹ̀, E-2, fún ẹni tó bá fi owó tó jọjú sínú òwò níbẹ̀, ṣùgbọ́n àfi ọmọ ìlú tó bá wọn ní àdéhùn. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀, Bẹ̀nẹ̀ kò sí níbẹ̀. Tógò ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1967! Ọkọ tàbí aya ẹni tó gbà á sì lè jẹ́ ọmọ ìlú yòówù.

Bùọ̀dá gbọ́ èyí lálẹ́. Nígbà tó máa fi di àárọ̀, ta ló ń pọnmi fún Ìyá Alákàrà? Ta ló ń bi ọmọbìnrin wọn bóyá ó sùn dáadáa?

Ọmọ yẹn rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n òun lòun máa jẹ́ ọ̀gá, àkàrà lòwò náà, Bùọ̀dá á sì tẹ̀lé òun lọ bí ìyàwó ilé. Ó wá ní, “Bùọ̀dá, ṣé ẹ lè bó ẹ̀wà?”

Ẹ yọjú sẹ́yìnkùlé wò. Wọ́n ti bó o dé ìdajì abọ́.