Sí Baba Sáfà: Kernel Kò Jẹ Mẹ́mọ̀rì Rẹ

Baba Sáfà, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí sáfà rẹ, mo sì bá kernel tí o ti ń bú láti ọjọ́ Ẹtì kẹ́dùn. Ẹ̀sùn rẹ ni pé o gbé ẹ̀rọ rẹ kúrò lórí Debian 11 bọ́ sórí 12, kernel 5.10 di 6.1, ni àṣẹ free bá ń sọ pé mẹ́mọ̀rì tí wọ́n ti lò (used) fi nǹkan bíi 4GB lé. O tilẹ̀ fẹ́ ká bá ọ kọ̀wé sí Linus Torvalds. Ọkùnrin tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kernel láti 1991, òun ló wá di olè lójú rẹ!

Ṣé o rántí alẹ́ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ tan sáfà padà? Ńṣe lo ń yin kernel tuntun pé kì í jẹun rárá. Baba Sáfà, ẹ̀rọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí kò tíì ka fáìlì púpọ̀ ni. Bó bá ti ń kà wọ́n, Linux á máa tọ́jú ẹ̀dà wọn sínú RAM tí ẹnikẹ́ni kò lò, kó má baà máa sáré lọ bá dísíkì. Ìyálọ́jà tó pàtẹ sórí ìsọ̀ aládùúgbò tí kò wá ọjà ni: bí onísọ̀ bá dé, á palẹ̀ mọ́. Ìwọ rí àtẹ tó kún, o figbe ta.

Ṣùgbọ́n 4GB tìrẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àtẹ yìí. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ mọ iye mẹ́mọ̀rì tó kù á ro MemFree pọ̀ mọ́ Cached nínú /proc/meminfo. Ìṣirò náà ń tanni jẹ, torí mẹ́mọ̀rì tí àwọn ètò jọ ń lò wà nínú Cached, fáìlì inú tmpfs, tí inú RAM ni wọ́n ń gbé, náà wà níbẹ̀, a kò sì lè kàn dà wọ́n nù. Ní 2014, kernel 3.14 fi ìlà MemAvailable kún un: kernel fúnra rẹ̀ ń fojú díwọ̀n iye tí ètò tuntun lè rí gbà láìjẹ́ pé a bọ́ sórí swap, ààyè orí dísíkì tó ń ran RAM lọ́wọ́. Síbẹ̀, free inú Debian 11 kò ka ohunkóhun tó wà nínú Cached mọ́ used. Ti Debian 12 yàtọ̀: ó yọ available kúrò nínú total, ó pe gbogbo ìyókù ní used.

Wàyí o, ta ló kọ 4GB síwájú shared_buffers nínú PostgreSQL? Ìwọ náà ni! Mẹ́mọ̀rì àjùmọ̀lò ni. Free àtijọ́ tì í mọ́ buff/cache, ti tuntun kà á mọ́ used, òun ló sì tọ̀nà. Ìlà available rẹ kò kúkú mira.

Kì í ṣe pé kernel kì í ṣẹ̀ o. Nínú 6.2, wọ́n yí bó ṣe ń ka RSS, ìyẹn iye RAM tí ètò kọ̀ọ̀kan ń lò, padà, tí iye tí ps ń fi hàn lórí ẹ̀rọ tó ní CPU púpọ̀ fi lè má péye. Nígbà míì, àṣìṣe gidi á wà, kernel á gba mẹ́mọ̀rì, kò ní dá a padà. Nígbà náà, ìlà SUnreclaim nínú /proc/meminfo lè máa ga lójoojúmọ́, available á máa wálẹ̀. Tìrẹ kọ́ nìyẹn.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni oògùn tí o lò. Ní wákàtí wákàtí, cron rẹ ń kọ 3 sínú /proc/sys/vm/drop_caches. O da ẹ̀dà fáìlì tí kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu nù, sáfà tún padà lọ kà wọ́n láti orí dísíkì, àwọn oníbàárà ń kígbe pé ìkànnì ń wọ́, ìwọ tún bú kernel. 4GB ọ̀hún sì wà níbi tó wà, torí drop_caches kì í fọwọ́ kan mẹ́mọ̀rì àjùmọ̀lò.

Mo bẹ̀ ọ́, yọ ìlà yẹn kúrò nínú cron lálẹ́ òní. Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá mẹ́mọ̀rì ń wọ́n sáfà rẹ, wo available, kí o sì wo si àti so nínú vmstat, ìyẹn ohun tó ń ti swap wọlé àti ohun tó ń jáde lọ síbẹ̀. Bí si àti so bá wà lórí 0, jẹ́ kí Linus ráyè sùn.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ.