Oyin Inú Tẹlifíṣọ̀n

Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Akínkanjú ni wọ́n fi ń kì láyà. Wọn ò tíì rí tẹlifíṣọ̀n nígbà tí wọ́n pa á lówe. Bí wọ́n bá rí i ni, wọn ì bá kọ́kọ́ béèrè bóyá oyin wà nínú àpáta ọ̀hún.

Ẹ wo Nadroga, ní erékùṣù Fíjì. Tẹ́lẹ̀, ọmọ tó bá sanra níbẹ̀, wọ́n mọ̀ pé wọ́n tọ́jú rẹ̀, pé yóò sì lè ṣiṣẹ́. Èyí tó bá kọ oúnjẹ, àìsàn tí wọ́n ń pè ní “macake” ló ń ṣe é, àgbo ni wọn yóò fún un.

Lọ́dún 1995, tẹlifíṣọ̀n dé. Ọdún náà ni Anne Becker, oníṣègùn ọpọlọ láti Yunifásítì Harvard, wádìí lẹ́nu ọmọbìnrin 63 nílé ẹ̀kọ́. Kò sí ẹyọ kan tó ní òun ń bì kóun lè fọn. Nígbà tó padà lọ lọ́dún 1998 tó bi àwọn 65 mìíràn, ìdá 11.3 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń tọwọ́ bọ ọ̀nà ọ̀fun. Ìdá 74 ní àwọn a máa rí ara àwọn bí ẹni tó sanra jù.

Olùkọ́ wọn ni eré orí tẹlifíṣọ̀n bíi *Beverly Hills, 90210* àti *Xena*. Àwọn kan nínú wọn gbà pé bí àwọn bá pẹ́lẹ́ńgẹ́ bíi ti àwọn òṣèré wọ̀nyẹn, iṣẹ́ yóò bọ́ sí àwọn lọ́wọ́. Xena tí kò níṣẹ́ méjì ju kó máa fi idà lé ọ̀tá kiri! Iléeṣẹ́ wo ló ń wá irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Fíjì?

Kí Nàìjíríà má tíì rẹ́rìn-ín. Láyé ìyá wa, bí wọ́n bá ní “o mà ti rù,” ara onítọ̀hún kò ní balẹ̀. Agbani Darego, ọmọ ilẹ̀ wa tó pẹ́lẹ́ńgẹ́, gba adé Miss World ní Sun City lọ́dún 2001, ìlú yọ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí “lẹ́pa” fi di oríkì, tí “òrobó” sì di èébú.

Bẹ́ẹ̀, ohun tí ọmọ ń wò kì í ṣe ara lásán. Ẹnìkan ti kun ojú, ẹnìkan ti tan iná síbi tó wuni, wọ́n sì lè ti fi abẹ́rẹ́ fún aṣọ lẹ́yìn níbi tí kámẹ́rà kò dé. Ikùn ọmọ ọlọ́mọ ni àáké wá ń bà.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọbìnrin yín bá ń jẹun tán tó ń sáré wọ ilé ìwẹ̀, ẹ má kì í ní lẹ́pa. Ẹ mú un lọ rí dókítà.