Iwin Tó Ń Ṣe Bí Ọmọdé

Iwin lásán kò lè dẹ́rù ba òǹkàwé Lọ́kọ́jà: níbi tí Odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé, omi gan-an ti wọlé onílé láì kan ilẹ̀kùn ní 2012 àti 2022. Ìdí nìyí tí A Court of Thorns and Roses, ìwé Sarah J. Maas tó jáde ní 2015, fi ń jáni kulẹ̀. Rhysand, iwin inú ìwé náà, ti lò ju 500 ọdún láyé, síbẹ̀ bí ọmọ ogún ọdún ló ń ṣe níwájú Feyre, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 19. Ẹ ó ní ìtàn ìfẹ́ ni, kì í ṣe ìtàn iwin. Mo gbà, àmọ́ ẹ yọ ìyẹ́ àti etí ṣóńṣó kúrò, ọmọ olówó kan ló kù. Àgbákò, iwin inú ìwé tí Fágúnwà kọ ní 1938, ní ojú 16, kò sì fi ọ̀kankan ṣẹ́jú sí ọmọge.