Ayodì Tí Kì Í Dákẹ́

Tọkọtaya ń yodì, ṣùgbọ́n ilé kò rójú sùn. Bàbá Délé wà lórí àga onítìmùtìmù kan, Ìyá Délé wà lórí èkejì. Bí ẹnì kan bá na apá, yóò kan ẹnì kejì. Délé, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ló dúró sáàárín.

“Délé, sọ fún ìyá ẹ pé iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ yìí.”

Ìyá Délé kò jẹ́ kí ọmọ la ẹnu. “Délé, bi bàbá ẹ pé nígbà tó ní kí n tún bu ọbẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀mejì ńkọ́, ṣé iyọ̀ ò tíì débẹ̀ nígbà yẹn ni?”

Bí Bàbá Délé ṣe ń yodì nìyẹn. Ẹ má fi í wé àwọn ọkùnrin tí í máa wo àjà bí nǹkan bá dùn wọ́n. Nígbà tí nǹkan bá ń lọ gún-régé, “Ṣé o ti dé?” àti “Oúnjẹ dà?” nìkan lẹ ó gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọjọ́ tó bá yodì ló máa ń rántí pé gáàsì ń tètè tán, pé àbúrò ìyàwó òun kò kí òun dáadáa níbi ìsọmọlórúkọ, pé ta ló tilẹ̀ gbé bẹ́líìtì òun. Gbogbo rẹ̀, ọ̀dọ̀ Délé ló ń gbà kọjá. Kó kọjú sí obìnrin náà ni kò jẹ́ ṣe, nítorí ẹni tó bá kọ́kọ́ la ẹnu ló jẹ̀bi. Òfin yìí kò sí nínú ìwé kankan, àmọ́ ẹ wá ilé tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé àrokò ló ń pa. Àwọn baba wa tó ń so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tí ọkàn wọn fà sí, ọ̀nà jíjìn ló là wọ́n láàárín, ìránṣẹ́ sì lè má mọ ohun tó rù. Délé mọ̀. Ó mọ̀ débi pé ó ti ń tún un ṣe lójú ọ̀nà. Bàbá ní kó lọ sọ ní kíṣìnnì pé òun ń lọ sípàdé. Kó tó débẹ̀, ó ti di pé Dádì ń lọ sípàdé, Dádì sì ní kí ẹ fún mi lẹ́ran kan sí i. Ta ló fẹ́ wádìí? Àwọn tí ì bá wádìí ń yodì.

Mo máa ń gbọ́ táwọn èèyàn ń yin irú ọkọ báyìí pé kì í ṣe oníjà. Òótọ́ ni. Ọmọ ló ń bá a jà á.

Fóònù alágbèéká GSM dé Nàìjíríà ní 2001, kò tún nǹkan kan ṣe. Nígbà tí WhatsApp wá gbé sítétọ́ọ̀sì tó ń pòórá lẹ́yìn wákàtí 24 dé ní 2017, ayé Bàbá Délé dùn. “Ẹni tí mo ń bá wí ti mọ ara rẹ̀,” ló kọ síbẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Àna rẹ̀ obìnrin rí i. Akọ̀wé ẹgbẹ́ rí i. Ẹni tó ń bá a lẹ táyà rí i, ó sì fèsì kíá: “Ọ̀gá, ẹ má bínú, owó yẹn ò kánjú mọ́.”

Délé ti wà ní Toronto báyìí, àmọ́ iṣẹ́ ìránṣẹ́ kò tíì bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Aago mẹ́jọ àárọ̀ n’Íbàdàn, tí í ṣe aago mẹ́ta òru níbẹ̀ lásìkò ooru wọn, fóònù rẹ̀ dún. “Ọmọ mi, bá mi bi ìyá ẹ níbi tó gbé kọ́kọ́rọ́ jẹnẹrétọ̀ sí.” Bàbá wà ní pálọ̀, ìyá wà ní yàrá. Ìbéèrè gba orí òkun Àtìláńtíìkì lọ, ó gbabẹ̀ padà wá, èsì sì tẹ̀ lé e: “Sọ fún un pé ó wà lápò ṣòkòtò tó wọ̀ sọ́rùn ẹsẹ̀ yẹn.”

Bàbá Délé ki ọwọ́ bàpò. Ó tún tẹ Délé láago.

“Sọ fún un pé mo ti rí i. Ṣùgbọ́n má bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ o.”